Ẹ Bi Màmá Nọ́ọ̀sì: Ibo Ni Kí A Sùn Tí A Bá Kó Ọmọ Kéékèèké Lọ Kí Ẹbí?

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀, mẹ́ta ni mo mú nínú wọn. Ìyàwó ilé kan ló kọ àkọ́kọ́, bàbá kan ló kọ ìkejì, ìyá àgbà kan ló kọ ìkẹta. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ka tirẹ̀ tán ka ti àwọn tó kù pẹ̀lú, nítorí ohun tí ọ̀kan ń bẹ̀rù ni èkejì ń sunkún lé lórí.

Ìbéèrè

Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkòròdú ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni ọkọ mi. Gbogbo ọdún Iléyá la máa ń lọ sílé, a ó sì dúró wo ayẹyẹ Ojúde Ọba ká tó padà. Ọmọ wa àgbà ti pé ọdún mẹ́rin, àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù méje. Lọ́dún tó kọjá, oyún ọmọ yìí ló wà nínú mi, orí ẹní ni mo sì sùn nínú pálọ̀ pẹ̀lú àwọn ìyàwó ilé tó kù àti àwọn ọmọ wọn. Jẹnẹrétọ̀ ń dún létí fèrèsé títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọmọ mi kò sùn, èmi náà kò sùn. Lọ́dún yìí mo ní ká gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì, ọkọ mi yarí kanlẹ̀. Ó ní ilé bàbá òun wà ní ìdúró, pé tí òun bá lọ sun òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á ní ìyàwó ló ń darí òun. Ìyá ọkọ mi fẹ́ràn mi, n kò sì fẹ́ kí ohun tó wà láàárín wa bàjẹ́. Kí ni kí n ṣe? — Ìyàwó Ilé, Ìkòròdú

Ìdáhùn

Ìyàwó wa, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Òótọ́ lẹ sọ, òótọ́ sì ni ọkọ yín náà sọ. Nílẹ̀ wa, ọkùnrin tí ilé bàbá rẹ̀ wà ní ìdúró, tó wá lọ ń gba kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ́wọ́ olóòtẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ ọdún, àwọn ènìyàn á sọ ọ́, ẹ̀yin ìyàwó sì ni wọ́n máa gbé e kà lórí. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ti ẹnu yín jáde mọ́. Ohun tí ẹ ní láti sọ kò ju pé ọmọ oṣù méje kò lè sùn nínú pálọ̀ tí èrò kún. Ọ̀rọ̀ yẹn kò bu ẹnikẹ́ni kù.

Ọkọ yín ni yóò sọ ọ́, ìyá rẹ̀ ni yóò sì sọ ọ́ fún. Kó má sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n kó tó kan ìyá, kó má sì gbé e sórí WhatsApp ẹbí. Kó pè wọ́n lórí fóònù nígbà tí Iléyá bá ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní àsìkò tí wọn kò tíì pín yàrá fún ẹnikẹ́ni. Kó má sọ pé a ti rí ibi tí a máa sùn. Kó ní: “Màmá, ọmọ yìí kéré. Ariwo àti ooru kì í jẹ́ kó sùn, tí kò bá sì sùn, kì í mu ọmú dáadáa. Ibo lẹ rò pé a lè gbé e sùn sí?” Kó wá dákẹ́, kó fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n rò ó.

Mo fẹ́ kí ẹ rí agbára tó wà nínú ìbéèrè yẹn. Tó bá jẹ́ ìyá ọkọ yín ló yan ibi tí ẹ máa sùn, kò sí ẹni tí yóò tún wá bi ọkọ yín pé kí ló dé tí kò sùn nílé. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa dá ẹni tó bá bèèrè lóhùn pé, “Èmi ni mo fi wọ́n síbẹ̀, ọmọ ló kéré.” Ọ̀rọ̀ tán. Wọ́n sì mọ ohun tí ẹ̀yin àti ọkọ yín kò mọ̀, ìyẹn ni ilé ta ló ṣófo. Ó ṣòro kí ẹbí kan wà ní Ìjẹ̀bú tí kò ní àbúrò bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá kan tó kọ́ ilé ńlá sílùú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti fọ́n ká sí Èkó àti òkè òkun, tí yàrá wà ní títì láti ọdún dé ọdún. Ẹni tó bá sùn nílé bàbá kékeré, ilé ló sùn. Kò sí ẹni tó máa pè é ní àlejò òtẹ́ẹ̀lì. Inú àgbàlagbà tó ń dá gbé ilé bẹ́ẹ̀ máa ń dùn tí wọ́n bá ní ọmọ ń bọ̀ wá sùn ọ̀dọ̀ òun. Ẹ fún wọn láyè láti fọ yàrá, kí wọ́n ṣí fèrèsé fún ọjọ́ díẹ̀ kí eruku àti òórùn pípẹ́ jáde, ẹ sì gbé nẹ́ẹ̀tì tiyín dání.

Tó bá wá jẹ́ pé ìyá ọkọ yín fúnra wọn ló sọ pé kò sí àyè níbì kankan, pé ẹ lọ gba yàrá, ẹ tètè wá a. Lásìkò Ojúde Ọba, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, ń ti gbogbo ayé wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, yàrá máa ń wọ́n, owó rẹ̀ sì máa ń gbéra sókè. Àwọn mìíràn máa ń lọ sùn ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó. Èmi kò fẹ́ kí ẹ máa gbé ọmọ ọwọ́ rin títì lóru, nítorí náà, tí ibi tí ẹ máa sùn bá jìnnà, ẹ fi ilé ẹbí sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ibi yòówù kí ẹ sùn, ẹ tètè máa dé ilé ẹbí láàárọ̀. Lọ́jọ́ Iléyá, kí àwọn ọkùnrin tó ti Yídì dé, kí ẹ ti wà ní ilé ìdáná, nítorí gbàrà tí wọ́n bá pa àgbò tán ni iṣẹ́ ẹran bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó tó sùn síta, tó tún wá dé nígbà tí wọ́n ti ń dín ẹran, òun ni wọ́n ń bá wí. Èyí tó ti lọ ata, tó ti gé àlùbọ́sà kí ẹnikẹ́ni tó jí dáadáa, kò sí ẹni tí yóò bi í níbi tó ti wá. Ẹ gbé ọmọ kékeré fún ìyá ọkọ yín kí wọ́n pọ̀n ọ́n bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí wọ́n gbádùn ọmọ wọn.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ létí fèrèsé tí ẹ sọ yẹn ló ká mi lára jù nínú lẹ́tà yín. Ọ̀rọ̀ ẹní kò ká mi lára rárá. Ọmọ tí a tẹ́ sórí ẹní tó le díẹ̀, tí a dá a dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn rẹ̀ lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, kò ní ibi tó ti máa jábọ́, fóòmù rírọ̀ kò sì ní dí i nímú. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹni tó ń sùn kì í mọ̀ pé òun ń fà á símú, ibẹ̀ náà ló sì máa sùn lọ. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú ilé, kò gbọdọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ fèrèsé, ìbáà tilẹ̀ ṣe pé fèrèsé wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín bá àwọn ọkùnrin ilé sọ ọ́ kí wọ́n gbé e jìnnà sí ilé ní ìta gbangba, kí ibi tí èéfín ti ń jáde kọjú sí òdìkejì. Tí wọn kò bá rí ibi gbé e lọ, kí wọ́n pa á kí gbogbo ènìyàn tó sùn. Kó má tijú láti sọ èyí níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀mí gbogbo ilé ló wà níbẹ̀.

Ní ti Ojúde Ọba fúnra rẹ̀, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ẹ má gbé ọmọ oṣù méje lọ síwájú ààfin Awùjalẹ̀. Àwọn ìdílé Balógun á gun ẹṣin wọlé, ìbọn á máa dún, oòrùn á mú, èrò á sì fún pọ̀. Etí ọmọ ọwọ́ kò lè gba ìró ìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí bàbá gbé ọmọ ọdún mẹ́rin lọ wo aṣọ àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ fúngbà díẹ̀, kó fi í sí èjìká, kó jìnnà sí ọ̀nà tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń gbà, kó fún un lómi mu, kó sì gbé e padà wálé nígbà tí oòrùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í le.

Ìbéèrè

Màmá, ẹ káàsán o. Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Ọmọ méjì la ní, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, ìkejì jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Wọn kò dé Nàìjíríà rí. A fẹ́ kó wọn wá sí Ìbàdàn ní oṣù Kejìlá. Ilé ìyá mi wà ní agbègbè Bẹẹrẹ, ilé pẹtẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, ìyá mi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní yunifásítì ló ń gbé ibẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí ìyàwó mi sí. Ó fẹ́ ká háyà fúláàtì ní Bódìjà, tó ní sólà àti ẹ̀rọ amúlétutù, nítorí ẹ̀rù ibà ń bà á. Èmi fẹ́ kí àwọn ọmọ mi sùn nílé ìyá mi. Ẹ bá wa dá sí i. — Bàbá Ọmọ Méjì, Peckham

Ìdáhùn

Bàbá Ọmọ Méjì, ilé ìyá yín ni kí ẹ sùn. Màá sọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ìyàwó yín lóhùn, nítorí ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe àsọdùn.

Ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù kò ní agbára kankan lára tó lè fi bá ibà jà. Ẹ̀yin gan-an tí ẹ dàgbà sí Bẹẹrẹ, tí ibà ń mú yín nígbà náà tí ẹ sì ń dìde, agbára tí ara yín ní nígbà náà ti ń dín kù láti ìgbà tí ẹ ti ń gbé lọ́hùn-ún. Nínú àwọn tí wọ́n ń tọ́jú fún ibà ní ìlú Ọba lọ́dọọdún, àwọn tó wá kí ẹbí ní Áfíríkà, pàápàá ní apá ìwọ̀-oòrùn níbí, ló pọ̀ jù. Ẹni tó ń lọ ṣe fàájì ní ìlú àjèjì máa ń lo oògùn. Ẹni tó ń bọ̀ wálé máa ń sọ pé ilé ni mò ń lọ, kí ni mo fẹ́ fi oògùn ṣe? Ẹ̀fọn kò sì mọ̀ pé ọmọ Bẹẹrẹ ni yín.

Ibi tí èmi àti ìyàwó yín ti yàtọ̀ ni pé fúláàtì Bódìjà kò gba ọmọ lọ́wọ́ ibà. Láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí ni ẹ̀fọn tó ń gbé ibà ń jẹ ènìyàn, ó sì wà ní Bódìjà bó ṣe wà ní Bẹẹrẹ. Ẹ̀rọ amúlétutù máa ń ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀ nítorí pé a ti fèrèsé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yín á ti wà ní ìta láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wọ́n á máa sáré kiri pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n yín. Oògùn, nẹ́ẹ̀tì àti aṣọ tó bo apá àti ẹsẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ló máa ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ lè gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí Bẹẹrẹ.

Ẹ lọ rí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò lọ́hùn-ún nígbà tó bá ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìwọ̀n ara ọmọ ni wọ́n fi ń yan oògùn ibà fún un, nítorí náà, ẹ kó àwọn ọmọ dání kí wọ́n wọ̀n wọ́n. Tó bá jẹ́ atovaquone pẹ̀lú proguanil ni wọ́n kọ, ọjọ́ kan tàbí méjì kí ẹ tó gbéra ni ẹ máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ojoojúmọ́ ni ẹ ó máa lò ó, ẹ ó sì lò ó fún ọjọ́ 7 sí i lẹ́yìn tí ẹ bá padà. Ibi ọjọ́ méje yẹn ni ọ̀pọ̀ ti ń já oògùn jù sílẹ̀, torí ilé ìwé ti wọlé, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má já a. Abẹ́rẹ́ àjẹsára yellow fever (ibà pọ́njú) náà wà níbẹ̀. Ó ti tọ́ sí ọmọ tó bá ti pé oṣù 9, ó sì gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10 lára kí ẹ tó balẹ̀ níbí. Tí ara ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bá gbóná lẹ́yìn tí ẹ padà dé Peckham, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu yín ni pé Nàìjíríà lẹ ti dé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí tí mo fi ní ilé ìyá yín.

Ọmọ tó bá sun ilé ìyá àgbà rẹ̀ ló máa jí bá a. Ní kùtùkùtù, kí àlejò tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ni màmá máa jókòó sórí àga wọn, tí ọmọ ọdún márùn-ún á wá kí wọn, tí wọ́n á fi ọwọ́ lé e lórí, tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Àwọn ìyá wa kì í kì ọmọ dáadáa lọ́sàn-án gangan nígbà tí pálọ̀ bá kún. Ọmọ náà lè má gbọ́ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ nínú oríkì náà, ṣùgbọ́n á mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, pé ohùn yẹn kò rí bí ohùn tí wọ́n fi ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta á ti máa dá a dúró dè wọ́n. Ẹ wá wo ọmọ tó ń ti Bódìjà bọ̀. Kí wọ́n tó wẹ̀, kí wọ́n tó jẹun, kí wọ́n tó rí mọ́tò, aago méjìlá ti lù. Àlejò ló máa bá nílé. Wọ́n á fún un ní mínírà, wọ́n á ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, oorun á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún, ẹ ó sì gbé e padà kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tó mú yín. Tó bá padà sí Lọ́ńdọ̀nù, á mọ̀ pé òun ní ìyá àgbà kan tí ilé rẹ̀ máa ń kún. Mo rò pé ohun tí ẹ torí rẹ̀ san owó ọkọ̀ òfuurufú ènìyàn mẹ́rin jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oorun wọn kò sì ní dà rú. Ní oṣù Kejìlá, wákàtí kan péré ni aago wa fi ṣíwájú tiyín. Tí wọ́n bá ń sùn ní aago méje lọ́hùn-ún, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sùn ní aago méje sí mẹ́jọ níbí. Èyí ni ẹ máa bẹ màmá fún ṣáájú: pé tí àlejò bá dé lẹ́yìn ìgbà yẹn tó ní òun fẹ́ rí ọmọ òyìnbó, kí wọ́n ní kó padà wá láàárọ̀. Màmá lè sọ ọ́. Ẹ̀yin kò lè sọ ọ́.

Ilé àtijọ́ tí kò sí ọmọdé nínú rẹ̀ ní ewu tirẹ̀, ẹ má sì dúró dìgbà tí ẹ bá dé kí ẹ tó máa yẹ ilé wò níwájú màmá bí ẹni ń wá ẹ̀bi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó ń gbé ibẹ̀ ni kí ẹ rán níṣẹ́. Kó wo ibi tí kẹrosíìnì wà. Inú ike omi tàbí ti mínírà ni ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ń rọ ọ́ sí, ọmọ ọdún méjì tí òùngbẹ ń gbẹ kò sì mọ ìyàtọ̀. Kó gbé e sókè pátápátá, òun àti ọ̀tapiapia tí wọ́n fi ń pa kòkòrò. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru màmá tó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kó bá wọn wá àpótí onítìípa sí i. Kó de orí kànga ní ìdérí tó wúwo. Kó kan pákó dí ẹnu àtẹ̀gùn, nítorí àtẹ̀gùn ilé pẹtẹ́ẹ̀sì ayé ọjọ́un ga, kì í sì í ní ohun ìdìmú. Tí ọmọ bá wá ṣèèṣì gbé kẹrosíìnì mu, ẹ̀yin àti gbogbo ilé, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì jẹ́ kó bì. Tó bá bì í, á gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, ibẹ̀ ló ti ń pa ọmọ. Ilé ìwòsàn lẹ máa gbé e lọ tààrà. Láti Bẹẹrẹ, ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ tó wà ní Yemẹtu kò jìnnà, UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, náà kò jìnnà. Ẹ wa ọkọ̀ dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sàn-án kí ẹ lè mọ ọ̀nà rẹ̀ lóru.

Tí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ tètè fún un ní ORS, ìyẹn omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Bí kò bá sí nítòsí, ẹ po ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, tí a gé orí wọn dọ́gba, nínú omi mímọ́ lítà 1. Kí màmá mọ̀ ṣáájú pé dókítà ti kọ oògùn fún àwọn ọmọ, kí wọ́n má fi àgbo kún un. Wọn kò ní bínú tó bá jẹ́ ẹ̀yin ọmọ wọn ló bẹ̀ wọ́n. Ọyẹ́ á ti dé nígbà yẹn. Ọ̀sán á gbóná, ìdájí á tutù, eruku á wà níbi gbogbo. Ẹ gbé súwẹ́tà, ìpara, àti oògùn tí wọ́n ń fà símú tí ọ̀kan nínú wọn bá ní ikọ́ ẹ̀fúùfù (asthma).

Bí ọkọ̀ òfuurufú yín bá balẹ̀ sí Ìkẹjà lálẹ́, ẹ sun Èkó mọ́jú. Ní alẹ́ yẹn, òtẹ́ẹ̀lì tó sún mọ́ pápákọ̀ kò mú ẹ̀gàn kankan dání, màmá pàápàá máa fẹ́ bẹ́ẹ̀ ju kí ẹ kó ọmọ sórí títì márosẹ̀ lóru. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹ lè bá ọkọ̀ ojú irin tó ń ná Èkó sí Ìbàdàn láti ọdún 2021 wá. Ọmọ lè rìn nínú rẹ̀, ilé ìtọ̀ wà nínú rẹ̀. Mọniyà ló ń parí sí, kí ẹnì kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú mọ́tò láti gbé yín dé Bẹẹrẹ.

Tí ìyàwó yín bá ṣì fẹ́ fúláàtì lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ gbà fún un, kí ẹ fi í sí ìparí. Kí ẹ kọ́kọ́ sùn nílé màmá fún ọjọ́ tó pọ̀ jù, kí ẹ wá lo ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù ní Bódìjà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ já ẹrù sí Bódìjà kì í kó o kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ìbéèrè

Ọmọ mi nọ́ọ̀sì, mo kí ọ. Ọmọ mi ọkùnrin kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta wá láti Abújá ní ọdún Àjíǹde. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò ní Ọ̀yọ́ níbí, òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń sùn. Ọ̀sán ni wọ́n ń wá sọ́dọ̀ mi. Mo ti fọ yàrá sílẹ̀, mo ti ra bẹ́ẹ̀dì. Àwọn aládùúgbò ń bi mí, n kò rí nǹkan sọ. Ọmọ mi ní kì í ṣe nǹkan kan. Báwo ni mo ṣe lè mú kí wọ́n sùn nílé? — Ìyá Àgbà, Ọ̀yọ́

Ìdáhùn

Màmá mi, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ó dùn mí bó ṣe dùn yín. Ẹni tó fọ yàrá, tó ra bẹ́ẹ̀dì, tó sì wo bẹ́ẹ̀dì náà lófìfo fún ọjọ́ mẹ́rin, kò yẹ kí wọ́n sọ fún un pé kì í ṣe nǹkan kan. Mo fẹ́ kí ọmọ yín ka ibí yìí: tí ẹ bá máa sùn síta, ẹ sọ fún ìyá yín kí wọ́n tó náwó, ẹ sì sọ ìdí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n màmá, ó jọ pé ọmọ yín kò fẹ́ sọ ìdí náà fún yín kó má baà bu ilé yín kù. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi wọlé wọ̀de nítorí ọmọdé, ilé ìyàgbẹ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ìyá ọmọ ń sọ fún mi ní bòńkẹ́lẹ́. Tí tiyín bá wà lẹ́yìn ilé, tó jẹ́ pé ènìyàn máa gba àgbàlá kọjá nínú òkùnkùn, ọmọ ọdún mẹ́ta kò ní lọ. Á mú un mọ́ra títí ikùn á fi máa dùn ún, tàbí kó tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tuntun tí ẹ rà, ojú á sì ti ìyá rẹ̀ níwájú yín. Ìyàwó tó bá ń ro ìyẹn á ní ká kúkú lọ sun òtẹ́ẹ̀lì. Kì í ṣe pé ó kórìíra yín.

Nítorí náà, ìyàwó ni kí ẹ pè, ẹ fi ọmọ yín sílẹ̀. Ẹ má bi í pé kí ló dé tí ẹ kò sùn nílé mi. Ẹ ní, “Ìyá àwọn ọmọ, mò ń tún ilé ṣe. Kí ni àwọn ọmọ máa ń fẹ́ lóru?” Tó bá sọ pé kò sí nǹkan kan, ẹ dárúkọ ilé ìyàgbẹ́ fúnra yín, kí ara tù ú láti sọ̀rọ̀. Ẹ ra póò onírọ́bà kan tó ní ìdérí, kó máa wà nínú yàrá lóru. Ẹ wá iná kékeré oníbátìrì tó lè tàn mọ́jú. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà kan nẹ́ẹ̀tì sójú fèrèsé kí ẹ lè ṣí i kí atẹ́gùn wọlé.

Ẹ má béèrè fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí wọ́n bá tún ń bọ̀, ẹ ní kí àwọn méjì tó dàgbà díẹ̀ wá sùn lọ́dọ̀ yín ní alẹ́ kan, kí àwọn òbí àti èyí tó kéré jù sùn níbi tí wọ́n bá fẹ́. Ní alẹ́ yẹn, oúnjẹ tí wọ́n mọ̀ ni kí ẹ fún wọn, kí àmàlà di ọ̀la. Tí aládùúgbò bá bi yín, ẹ ní àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ yín, òótọ́ sì ni.

Nẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀dì tí ẹ bá gbà ní ilé ìwòsàn, ẹ kọ́kọ́ na án sí abẹ́ ibòji fún odindi ọjọ́ kan kí ẹ tó ta á, kí oògùn ara rẹ̀ má baà ta wọ́n lójú. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni kí ẹ pe ìyàwó, nígbà tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tó sì ti jẹun.